Propofol, Jókòó Kí N Bú Ọ

Ẹ bá mi fi àga fún Propofol, oògùn akunnilóorun. Kó jókòó sí àárín, kí gbogbo èèyàn rí i dáadáa, torí kì í pẹ́ níbi tó bá lọ. Bí a bá ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá òní ó ti jáde. Ìwọ funfun inú síríńjì yìí, àwọn dókítà ti kì ọ́ títí, orí rẹ ti wú. Wọ́n ní o yára ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ rẹ máa ń jí pẹ̀lú ojú tó mọ́, á sì máa béèrè oúnjẹ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni n óò kì ọ́ lónìí. Ẹ̀fẹ̀ ni mo gbé wá, ẹni tí a bá sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀ kì í bínú, pàápàá ìwọ tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ ni kí àwọn ẹlòmíì má gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wọn.

Ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìdílé fínọ́ọ̀lù ni ọ́, ilé yín ò sì kéré. Ní Glasgow, nílẹ̀ Scotland, lọ́dún 1865, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Joseph Lister mú bàbá ńlá rẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní kábọ́líìkì ásíìdì, ó fi ń tọ́jú ojú ọgbẹ́ kó má baà kẹ̀. Kábọ́líìkì ń pa kòkòrò àìfojúrí, ẹsẹ̀ tí wọn ì bá gé bẹ̀rẹ̀ sí í jinná. Ìwọ ńkọ́? Bí ọwọ́ tí kò mọ́ bá ṣí ìgò rẹ, kòkòrò àìfojúrí á wọlé, á rí òróró, á rí ẹyin tí wọ́n fi pò ọ́, á jókòó, á bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Bàbá ńlá ń pa wọ́n, ọmọ-ọmọ ń bọ́ wọn yó. O ò tíì pé ọdún kan dáadáa ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1990, tí àwọn aláìsàn kan ní ilé ìwòsàn mélòó kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó àrùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ló já sí, àti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń fà ọ́ sílẹ̀ de ẹni tí kò tíì dé. Nísinsìnyí òfin ti wà lórí rẹ: bóyá síríńjì ni wọ́n fà ọ́ sí, tàbí inú ìgò lo ti ń kán wọ iṣan, o ò gbọdọ̀ kọjá wákàtí méjìlá. Lẹ́yìn ìyẹn, inú garawa pàǹtí. Mọ́ínmọ́ín tó sùn mọ́jú lórí tábìlì ṣì lẹ́mìí gígùn jù ọ́ lọ.

Orúkọ rẹ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ni 2,6-diisopropylphenol. Kí èèyàn tó pe ìyẹn tán, iṣẹ́ rẹ ti fẹ́ parí. Òrùka kábọ́ọ̀nù mẹ́fà ni àyà rẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka náà ni ọ́síjìn kan àti háídrójìn kan so pọ̀ mọ́, ibẹ̀ nìkan lára rẹ ni omi ti lè bá ọ ṣọ̀rẹ́. Kí lo wá ṣe? O wá ẹ̀ṣọ́ méjì tó taagun, kábọ́ọ̀nù mẹ́ta-mẹ́ta lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, o fi ọ̀kan sọ́tùn-ún, o fi ọ̀kan sósì ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an. Omi dé, kò ríbi wọlé. Ṣé o fẹ́ du ipò gómìnà ni?

Nítorí náà òróró ni ọ́. Kábọ́ọ̀nù 12, háídrójìn 18, ọ́síjìn ẹyọ kan, ìyẹn ni gbogbo dúkìá rẹ. Ní nǹkan bíi ìwọ̀n 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius lo ti ń dì, a jẹ́ pé nílẹ̀ tiwa níbí o ò ní dì láéláé, àfi bí ẹ̀rọ amúlétutù bá bá ọ jà. Àwọ̀ funfun tó ò ń fi yangàn yẹn kì í sì í ṣe tìrẹ. Ìwọ gan-an ò láwọ̀, bó pẹ́ títí kó o rí bí omi tí ìyeyè díẹ̀ kán sí. Aṣọ àyálò ló funfun.

Bí aṣọ náà ṣe dé ọrùn rẹ, ìtàn ńlá ni. Ilé iṣẹ́ ICI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bí ọ, ẹni tó sì rí ọ̀nà rẹ ni Iain Glen. Dókítà ẹran ni, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Glasgow kan náà tí bàbá ńlá rẹ ti ṣoge. Ẹ kò rí i bí? Ẹni tó mọ bí a ti ń kun màlúù àti ajá lóorun ló rò pé o lè wúlò fún ọmọ èèyàn. Ní ọdún 1973 ni o kọ́kọ́ fi ara rẹ hàn lára eku. O ò tíì lórúkọ nígbà náà, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè ọ́: 35868. Eku sùn, eku jí, eku ń rìn lọ, inú wọn dùn.

Nígbà tó di 1977 tí wọ́n fún èèyàn, omi ṣì kọ̀ ọ́, wọ́n bá fi ohun kan tí wọ́n ń pè ní Cremophor pò ọ́. Aṣọ yẹn ò bá ọ mu rárá. Ara àwọn kan kọ̀ ọ́, ìfúnpá já wálẹ̀, wọ́n ní kí o padà sílé. Ẹlòmíì ì bá ti gbàgbé ọ sínú dúrọ́ọ̀, ṣùgbọ́n Glen ò jẹ́ kí wọ́n jù ọ́ nù. Wọ́n wá lọ ọ́ mọ́ òróró sóyà, wọ́n fi ọ̀rá inú pupa ẹyin dè é pọ̀ kó má baà pínyà, wọ́n fi glísẹ́rọ́ọ̀lù díẹ̀ sí i, wọ́n da omi sí i, o wá dà bí mílíìkì inú agolo. Ọdún 1986 lo bọ́ sí ìta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1989 ni Amẹ́ríkà gbà ọ́ wọlé. Ní 2018 wọ́n fún Glen ní ẹ̀bùn ìmọ̀ ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Lasker. Ìwọ ò gba nǹkan kan, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ wọn aṣọ náà wò. Nínú mìlílítà rẹ kan, mìlígíráàmù 10 péré ni ìwọ. Òróró sóyà tó gbé ọ jẹ́ mìlígíráàmù 100. Aṣọ wúwo ju oníṣọ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá! Àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn tó le gan-an, tí wọ́n ń fi ọ́ sínú iṣan rẹ̀ tọ̀sán-tòru kó lè fara da ẹ̀rọ amúnimí, kì í fi ọ́ ṣeré: onímọ̀ oúnjẹ ibẹ̀ máa ń ṣírò ọ̀rá rẹ mọ́ oúnjẹ òòjọ́ aláìsàn náà. O jáde nílé pé o lọ ṣe oògùn, wọ́n kọ ọ́ sí ìwé àwọn alásè.

O tún jẹ́ àlejò tí kò mọ ilé wọ̀. Ẹni tó fẹ́ kun èèyàn lóorun wọ́ọ́rọ́, kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ta á lápá? Bó o bá ti ń wọ iṣan kékeré ẹ̀yìn ọwọ́ báyìí, aláìsàn á fa ọwọ́ rẹ̀, á ní "Yéè!", á wojú nọ́ọ̀sì bí ẹni tí wọ́n yàn jẹ. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé iṣan tó tóbi ni wọ́n máa ń wá fún ọ, tàbí kí wọ́n fi lídókéènì bẹ̀ ẹ́ ṣáájú. Oògùn tó nílò oògùn kó tó lè wọlé! Orí ló kó ọ yọ pé oorun kì í pẹ́ gbé aláìsàn lọ. Ẹjọ́ rẹ ì bá ti dé ààfin.

Àmọ́ mo gbà fún ọ níbì kan: o mọ bí a ti ń pa ẹni tó ń fọ́nnu lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ ká mú bàbá olóyè kan, kó dùbúlẹ̀ sórí tábìlì nínú tíátà, kó jẹ́ iṣẹ́ abẹ ìpá ni. Bàbá ti ń sọ ọ́ láti àárọ̀ pé, "Dókítà, oògùn oorun kì í mú mi o. Bàbá mi ti sín mi ní gbẹ́rẹ́ láti kékeré." Dókítà tó fẹ́ kùn wọ́n lóorun ní kò burú, ẹ máa ka ení, èjì fún mi, bàbá. Ó wo ìwọ̀n wọn, kílò 70. Ó fà ọ́ bíi mìlílítà 14, ó ń tì ọ́ wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bàbá ń kà. Wọ́n rọra kà á kọjá ẹ̀wá, ohùn wọn le koko. Wọ́n kà á dé ẹ̀rìndínlógún, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí dókítà. Wọ́n ní "ẹ̀tàdín..."

Ogún tó kù síbẹ̀, kò jáde mọ́. Nígbà tí bàbá máa lajú, wọ́n ti rán an, wọ́n ti dì í. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹ rí i, mo sọ fún yín pé kì í mú mi."

Ojú lásán ni ẹni tó ń wò ọ́ fi ń rò pé o lágbára. Nínú ọpọlọ, èròjà kan wà tó ń jẹ́ GABA, òun ló ń pàṣẹ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ pé kí wọ́n dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu GABA lo kàn ń gbè lẹ́sẹ̀. Ó ní "ẹ dákẹ́", ìwọ náà ní "àṣẹ", ìlú bá pa lọ́lọ́. Ọ̀rá tó pọ̀ lára ọpọlọ ló sì jẹ́ kó o tètè débẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 40. Ìwà burúkú tó mú kí omi kọ̀ ọ́ náà ló sọ ọ́ di àyànfẹ́ níbẹ̀.

Àwọn olùfẹ́ rẹ a máa wí pé o tètè ń ṣe iṣẹ́ rẹ tán. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Sísá lo máa ń sá. Kò ju bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kan tí o ti fi ọpọlọ sílẹ̀, tí o ti lọ fara pamọ́ sínú ẹran ara àti ọ̀rá. Aláìsàn jí, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ fún ọ, bẹ́ẹ̀ o ṣì wà nínú ara níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣa ọ́ kiri tó ń dè ọ́ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, kíndìnrín ló ń tì ọ́ síta. Nígbà mìíràn, kò wọ́pọ̀ o, o máa ń fọwọ́ sí ìwé kí o tó lọ: ìtọ̀ ẹni náà á di àwọ̀ ewé. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ tán, tó wọ ilé ìtọ̀, tó wo ìsàlẹ̀, tó rí àwọ̀ ewé. Ó máa pe pásítọ̀ kó tó pe nọ́ọ̀sì.

Bó o sì ṣe ń gba ìyìn tó yẹn, o ò mọ bí a ti ń pa ìrora. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ẹ̀yin tó rò pé oorun àti àìrora ọ̀kan ni. Ọ̀bẹ ń gé, ara mọ̀ pé ọ̀bẹ ń gé, ọkàn ń sáré, ìfúnpá ń gòkè. Oní-nǹkan ni kò sí nílé. Ẹlòmíì, fẹntáníìlì tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn lẹ́yìn rẹ, ìwọ lò ń gba owó rẹ̀. Ketamine, oògùn oorun mìíràn tí ò ń pè ní ará oko, ń ṣe méjèèjì papọ̀, kì í sábà gba èémí mọ́ni lọ́wọ́, kì í ja ìfúnpá wálẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ilé ìwòsàn tí iná ibẹ̀ ń ṣe ségesège, òun ni wọ́n ń sá bá. Lóòótọ́, ẹni tó bá gbà á lè jí kó máa bá àjà ilé sọ̀rọ̀. Ìyẹn, a lè fara dà á.

Èémí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ tó tóbi jù. Bó o bá ti dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á dẹ̀, ahọ́n á yẹ̀ sẹ́yìn, àyà tó ń lọ sókè-sódò á dúró. Ìfúnpá náà á já, pàápàá lára àgbàlagbà àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dín kù. Kò sì sí ẹ̀rọ̀ tí wọ́n lè fún èèyàn láti fi lé ọ padà. Mọfíìnì ní nalóksóònì tó ń lé e, dáyásípáàmù ní tirẹ̀. Ìwọ ò ní ọ̀gá. Ohun kan ṣoṣo tó wà ni kí ẹnì kan dúró sídìí orí aláìsàn, kó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, kó fi ìbòmú bò ó, kó máa fi ọwọ́ tẹ báàgì ọ́síjìn, kó máa wo ojú ẹ̀rọ, títí ìwọ alágídí á fi sá lọ. Ẹni yẹn ni dókítà tàbí nọ́ọ̀sì akunnilóorun. Iṣẹ́ tí wọ́n ń kì ọ́ sí, tirẹ̀ ni.

Ọ̀ràn tí mo tìtorí rẹ̀ gbé ọ jókòó rèé gan-an. O máa ń pa ẹni náà rẹ́. Òun ni aláìsàn rí kẹ́yìn, òun ló di àgbọ̀n rẹ̀ mú, òun ló mí fún un, ìwọ wá nu ojú rẹ̀ kúrò nínú ìrántí pátápátá. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ẹbí ru iṣu, wọ́n fa ewúrẹ́, wọ́n ń wá "dókítà tó ṣe bàbá wa dáadáa". Oníṣẹ́ abẹ jáde, ó gba iṣu, ó gba ewúrẹ́, ó gba àdúrà. Akunnilóorun dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń wo ewúrẹ́ bó ti ń lọ. Mo mọ ọ̀kan tó ń sọ pé bí òun bá tún ayé wá, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn nìkan lòun máa gún, kí aláìsàn lè máa wo òun lójú.

Àwọn ẹbí náà ò mọ́wọ́ dúró. Ṣáájú iṣẹ́ abẹ, àwọn dókítà ti ní kí bàbá má jẹ nǹkan tó le fún wákàtí mẹ́fà, kó má mu omi fún wákàtí méjì. Ìyá àgbà á gbé kúlà wọ wọ́ọ̀dù láàárọ̀ kùtùkùtù, á ní "Ẹnì kan ò lè fi ebi kú mọ́ wọn lọ́wọ́", á fi ẹ̀bà bọ́ ọkọ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora. Ọ̀fun tí ìwọ dẹ̀ sílẹ̀ ò mọ ọ̀nà oúnjẹ yàtọ̀ sí ọ̀nà èémí mọ́. Bí ẹ̀bà bá gòkè, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bọ́ sí. Màmá, ẹ gbé kúlà yẹn lọlé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ Thiopental, oògùn oorun àtijọ́, ló yẹ kó bá ọ wí, bó ṣe wà nípò. Láti 1934 ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kó o tó dé tó o gba àga rẹ̀. Àwọn tó bá lò ó a máa tòògbé títí di ọjọ́ kejì, mo gbà, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n sá wá sọ́dọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó lé ẹ̀gbọ́n rẹ náà kúrò ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ìwọ. Àwọn tó ń pa ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n dájọ́ ikú fún ló ń lò ó. Ilé iṣẹ́ tó kù tó ń ṣe é fẹ́ máa ṣe é ní Ítálì, Ítálì ní kí wọ́n fi dá òun lójú pé kò ní kan ẹlẹ́wọ̀n kankan, ilé iṣẹ́ náà fà sẹ́yìn ní 2011. Ó di ọ̀dọ̀ rẹ. Ìpínlẹ̀ Missouri ní ìwọ ni wọ́n máa fi pa èèyàn. Ní oṣù kẹwàá 2013, àwọn ará Yúróòpù, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ tó ń wọ Amẹ́ríkà ti ń wá, jẹ́ kó di mímọ̀ pé bí wọ́n bá dán an wò, òfin lè dí ọ lọ́nà. Gómìnà Jay Nixon bá dá ìpànìyàn náà dúró. Ọ̀pọ̀ tíátà ní Amẹ́ríkà ni ì bá ti wà láìní ọ. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo bá ọ kẹ́dùn nìyẹn: wọ́n ì bá ti sọ ọ́ di abẹ́nilórí, ìwọ tó jẹ́ pé nǹkan tó o mọ̀ ọ́n ṣe jù ni sísá.

Mo fẹ́ yẹ ìtàn kejì sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ti mọ̀ ọ́n. Los Angeles, 25 oṣù kẹfà 2009. Olórin Michael Jackson ò rí oorun sùn, ó ń pè ọ́ ní mílíìkì, dókítà rẹ̀ Conrad Murray sì ń fún un ní inú yàrá ilé. Onímọ̀ nípa ọkàn ni Murray, kì í ṣe akunnilóorun. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa ké kò sí. Ẹni tó yẹ kó dúró sídìí orí jáde kúrò níbẹ̀, Jackson sì kú. Ilé ẹjọ́ dá Murray lẹ́bi ikú náà ní 2011, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin. Ìwọ tí kì í pẹ́ níbi kankan, ọjọ́ yẹn ni o dúró pẹ́ jù.

Ká padà sẹ́rìn-ín, torí n kò ní jẹ́ kó o lọ kí n tó dárúkọ ọmọ rẹ. Ẹ̀yin ò gbọ́ pé ó lọ́mọ? Fospropofol lorúkọ rẹ̀, Amẹ́ríkà gbà á wọlé ní ìparí ọdún 2008. Wọ́n ní òun máa tún ìwà bàbá rẹ̀ ṣe. Ó gbọ́ ti omi, wọ́n so fọ́sífétì mọ́ ọn, ó yòrò sínú omi tónítóní, kò nílò òróró, kò nílò ẹyin, kì í ta èèyàn lápá. Àwọn dókítà ń yọ̀ pé a ti rí ọmọ tó gbọ́n ju bàbá lọ. Wọ́n fún àwọn aláìsàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, kí oorun tó mú wọn, ni gbogbo abẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn, tó ń ta wọ́n ṣínṣín, àgbàlagbà lórí tábìlì pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n dè, nọ́ọ̀sì obìnrin mẹ́ta dúró yí i ká, kò lè yún un, kò sì lè sọ ibi tó ń yún òun. Ọjà rẹ̀ ò tà ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti kó o kúrò nílẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá ń ta ni lápá, ọmọ ń ta ni lábẹ́ aṣọ. Propofol, ẹ dákun, ẹ má bí òmíràn.